Bàtà Ẹlẹ́ṣin Onídè Mẹ́ta: Bí Mo Ṣe Tún Un Ṣe, àti Bí Mo Ṣe Wá Ẹni Tó Wọ̀ Ọ́ Kàn

Sátidé tí mo rà á

Dọ́là 220 ni ọkùnrin ọjà àlòkù yẹn kọ́kọ́ pè é, ó ní bàtà Buffalo Soldier ni. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní bí ẹni tí òun rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe sọ nìyẹn. Mo ná an ní 140, kò janpata rárá, ó ki bàtà sínú láílọ́ọ̀nù fún mi. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti là mí lójú.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, Buffalo Soldier ni ìnagijẹ àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí ìjọba Amẹ́ríkà kó jọ lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn. Ọdún 1866 ni wọ́n dá rẹ́jímẹ́ǹtì ẹlẹ́ṣin 9th àti 10th sílẹ̀, òyìnbó sì lọ̀gá wọn. Ilé àkójọpọ̀ ohun ìrántí wọn wà ní Houston níbí. Mo ti mú àwọn ọmọ mi débẹ̀ rí, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń wù mí pé kí n ní bàtà ọ̀kan nínú wọn nílé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló fa gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn yìí.

Bàtà M1940 ni, irú bàtà ẹlẹ́ṣin kan tí iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà ń fún ṣọ́jà. Láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, okùn ni wọ́n ń fi so ó bíi búùtù ṣọ́jà yòókù. Láti ibẹ̀ lọ sókè, awọ líle kan wé mọ́ ojúgun, ìdè mẹ́ta sì dè é pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde. Bàtà ṣọ́jà tí kì í ṣe ọ̀gá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá ló máa ń fi owó ara wọn rán tiwọn. Nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ṣì hàn: 1941, ìwọ̀n 9.

Ìyàwó mi yọjú sí gáréèjì. "Bàbá Dámilọ́lá, ẹ tún ti gbé bàtà òkú wọlé."

Mo ní ta ló sọ pé ó ti kú?

Ó wo òǹtẹ̀ yẹn. "Ẹ ṣírò ó."

Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì

Ipò tó wà: ebu funfun bo ahọ́n bàtà méjèèjì. Òwú ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jẹrà, ojú ìrán ti là tó ìka mẹ́ta. Gìgísẹ̀ ṣì dára. Ìdè márùn-ún nínú mẹ́fà ni ti ilé iṣẹ́, pẹ̀lú ìpẹtà díẹ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ̀kẹfà, ìyẹn òkè pátápátá lẹ́sẹ̀ òsì, yàtọ̀. Awọ okùn rẹ̀ nípọn ju tàwọn yòókù lọ, ìdè rẹ̀ fẹ̀ jù, ọwọ́ ni wọ́n sì fi rán an.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ ni torí pé ẹ̀rọ kì í rán báyẹn. Òwú méjì ni ẹ̀rọ ń lò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n á kọ́ ara wọn láàárín awọ. Bí ọ̀kan bá já, ìyókù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Èyí tí mo ń wò yìí, òwú kan ṣoṣo ni, abẹ́rẹ́ méjì. Wọ́n á lu ihò, abẹ́rẹ́ kan á gba ọ̀tún wọlé, èkejì á gba òsì wọlé nínú ihò kan náà, wọ́n á wá fà á le. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rán gàárì ẹṣin. Bàbá mi máa ń rán báàgì awọ bẹ́ẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Á fi eyín mú abẹ́rẹ́ kan nígbà tó bá ń ti èkejì, torí náà, tẹ́ ẹ bá kí i lásìkò yẹn, orí nìkan ló máa fi dá yín lóhùn.

Iṣẹ́ náà mọ́, mi ò lè purọ́. Àmọ́ kò bá ìyókù mu, ẹni tó ń gba bàtà jọ sì máa ń fẹ́ kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bára mu. Mo ti lọ wá okùn ìdè M1940 mìíràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 18. Ó ń bọ̀.

Ìmọ́tótó: ìta ni mo ti ṣe é, pẹ̀lú ìbòmú, búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, lẹ́yìn náà aṣọ tí mo fún dáadáa títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ebu ò ṣeé fi ẹnu fẹ́. Ẹ má sì tú òróró sí i. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló ń sọ pé òróró ẹsẹ̀ màlúù ni oògùn awọ gbígbẹ. Ní ọdún méjì sẹ́yìn mo da á sínú bàtà ẹlẹ́ṣin kan títí awọ fi mu yó. Nígbà tí mo padà débẹ̀ láàárọ̀, orúkọ tí wọ́n fi tàdáwà kọ sínú rẹ̀ ti tú ká bí omi ẹ̀lú. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ọwọ́ ara mi parẹ́ yẹn, n ò sì tíì kà á tán kó tó lọ. Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí ohunkóhun tó tutù kan inú bàtà kí n tó ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Tọ́sìdé lálẹ́

Mo pa iná gáréèjì, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo sì fi í sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ohun tí kò hàn lábẹ́ gílóòbù máa ń hàn báyẹn, torí gbogbo kòtò kékeré á ní òjìji tirẹ̀. Nínú ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún mo rí lẹ́tà kan, nọ́ńbà mẹ́rin tẹ̀ lé e.

Ayọ̀ ńlá nìyí fún ẹni tó bá mọ ohun tó jẹ́. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ṣọ́jà Amẹ́ríkà máa ń tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ìdílé rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà ìwọṣẹ́ ogun rẹ̀, sára ẹrù rẹ̀, kí aṣọ rẹ̀ má bàa sọnù níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Mi ò ní kọ tibí jáde. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nọ́ńbà kẹta ti rá, awọ ti bó níbẹ̀ nítorí fífi ara ha ojúgun. Mo tẹjú mọ́ ọn. Mo ní 8 ni.

Ní báyìí, ìṣirò. Àká ìwé ìjọba àpapọ̀, ìyẹn National Archives, ní àkọsílẹ̀ àwọn tó wọṣẹ́ ogun láti 1938 sí 1946, orúkọ bíi mílíọ̀nù 9, ọ̀fẹ́ sì ni. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lè jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà 10,000, nítorí náà èèyàn bíi 900 ló máa ní ọ̀kan náà. Lẹ́tà orúkọ ìdílé á wá sẹ́ wọn kù sí ọgọ́ta, àádọ́rin. Dámilọ́lá ló bá mi ṣe é lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin ẹ kà á, èmi á tẹ̀ ẹ́." Èèyàn 66 ló jáde. Àkọsílẹ̀ yẹn máa ń sọ ẹ̀ka iṣẹ́ ogun, ọdún ìbí, ìpínlẹ̀ àti káńtì, iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe tẹ́lẹ̀, àti àwọ̀ ara. Mẹ́ta péré nínú 66 yẹn ni ẹlẹ́ṣin.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọmọ Louisiana. Nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 38: 3 túmọ̀ sí pé wọ́n pè é sógun ni, kì í ṣe pé ó fúnra rẹ̀ lọ, 8 sì ni agbègbè tí Louisiana àti Texas wà nínú rẹ̀.

Mo hó yèè. Ìyàwó mi sáré wá, ó rò pé mo gé ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e

Gbogbo rẹ̀ bára mu, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ní 1943, rẹ́jímẹ́ǹtì aláwọ̀ dúdú, 9th àti 27th, wà ní Fort Clark, ní Texas níbí, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní 2nd Cavalry Division. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944 wọ́n kó ẹgbẹ́ náà lọ sí àríwá Áfíríkà láìsí ẹṣin, wọ́n tú u ká níbẹ̀, wọ́n sì sọ àwọn ọmọ ogun náà di òṣìṣẹ́ tó ń já ẹrù tó sì ń la ọ̀nà. Torí náà ẹni tó bá ní bàtà ẹṣin á fi í sílẹ̀ ní Texas. Mo ti tún ìtàn náà sọ lórí tábìlì oúnjẹ tó ìgbà mẹ́rin.

Mo kọ lẹ́tà sí ọmọ ọmọ ṣọ́jà Louisiana yẹn, ọkùnrin ni, ó sì fèsì lọ́jọ́ kejì. Ó ní àwọn ti kọ̀wé béèrè fáìlì bàbá àgbà rí, ìjọba ní ó ti jóná. Òótọ́ ni. Ní July 12, 1973, iná sọ ní ilé ìkówèésí ní St. Louis, ó sì jẹ nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwé àwọn ṣọ́jà orí ilẹ̀ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín 1912 sí 1960. Ó fi fọ́tò bàbá náà ránṣẹ́ sí mi. Ó dúró gbagidi, fìlà rẹ̀ dojú kọ oòrùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sí nínú fọ́tò.

Mo ń bá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ nígbà yẹn. Mo fa òwú jíjẹrà jáde díẹ̀díẹ̀, n ò lu ihò tuntun kankan. Ihò ilé iṣẹ́ ni mo tún lò, torí awọ tó ti pé 80 ọdún, bí ẹ bá lù ú léraléra, á ya bíi bébà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún. Òwú ọ̀gbọ̀ ni, mo fi ìda oyin pa á títí ó fi ń kùn wín-ín nígbà tí mo fà á. Ojú ìrán 23 gba ìrọ̀lẹ́ méjì. Ọwọ́ bàbá mi ìbá ti ṣe é tán kí rédíò tó ka ìròyìn agogo méje tán.

Ara awọ lóde, Renaissance Wax ni mo fi pa á, ìda tí wọ́n hùmọ̀ ní British Museum, ìwọ̀nba tí ọmọ ìka kan lè gbé. Kì í mú awọ rọ̀, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó rọ̀. Ta ló fẹ́ gun ẹṣin?

Fúráìdé burúkú

Ẹsẹ̀ òsì kò ní àmì kankan nínú ojúgun, mo sì ti gbà pé ó ti parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan, lẹ́yìn ogun, ti fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ nípọn kan mọ́ ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń tẹ̀ nínú rẹ̀. Aṣọ náà ń fa ọ̀rinrin, ibẹ̀ gan-an ni ebu ti ń wá. Ó gbọ́dọ̀ jáde.

Mo kan sípírítì díẹ̀díẹ̀ sí etí rẹ̀ pẹ̀lú òwú inú etí, mo dúró, mo ti ọ̀bẹ tí kò mú wọ abẹ́ rẹ̀, mo tún dúró. Ó gbà tó wákàtí kan ààbọ̀ kó tó ṣí dé gìgísẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o jáde nílé iṣẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ṣì pọ́n bí epo. Lẹ́tà yẹn wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin, dúdú kirikiri.

Nọ́ńbà kẹta, 3 ni.

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo tún tan tọ́ọ̀ṣì. Ní báyìí tí mo ti mọ̀, 3 náà ni mo rí níbẹ̀. Apá òsì tó sọ ọ́ di 8, wíwú awọ lásán ni. Kì í ṣe ojú mi ló tàn mí. Ohun tí mo fẹ́ rà ni mo kà.

Mo pe ọmọ ọmọ ṣọ́jà Louisiana yẹn lọ́jọ́ kejì. Mo lè kọ ímeèlì, àmọ́ ìyàwó mi ní irú ẹ̀bẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé. Mo ṣàlàyé 3 àti 8, mo tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé ìlà ti já. Ó wá ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, bàtà bàbá àgbà mi ṣì wà níbì kan nìyẹn." Ó sì béèrè bí wọ́n ṣe ń wá àmì yẹn. Mo kọ́ ọ nípa tọ́ọ̀ṣì.

Ìwákiri kejì

N ò ní fi èyí gùn. Orúkọ 71, ẹlẹ́ṣin mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ National Guard, àwọn ọmọ ogun tí ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ ní kí ìjọba àpapọ̀ tó gbà wọ́n. Òyìnbó ni, ọmọ Texas, iṣẹ́ oko. Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, mo bi í ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́: káńtì wo gan-an ni ilé tí wọ́n ti tú ẹrù náà tà wà? Káńtì kan náà ni. Mo mú ẹ̀dà fọ́tò àmì ẹsẹ̀ òsì lọ, ó wò ó, ó ní, "Àwọn èèyàn ló máa ń sọ ohun tó bá wù wọ́n nípa bàtà." Kò sọ̀rọ̀ owó.

Rẹ́jímẹ́ǹtì ọkùnrin náà ni 124th Cavalry, ẹlẹ́ṣin Texas. November 1940 ni ìjọba àpapọ̀ gbà wọ́n wọlé, wọ́n sì fi ẹṣin ṣọ́ etídò Rio Grande, lẹ́nu ààlà Mẹ́síkò, fún ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù lórí ẹṣin ní gbogbo iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà. Ní 1944 wọ́n kó wọn lọ sí Fort Riley, ní Kansas, wọ́n gba ẹṣin lọ́wọ́ wọn. Fort Riley yìí náà ni Joe Louis abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò àti Jackie Robinson ti ṣe ṣọ́jà, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n kó 124th sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Íńdíà, láti Íńdíà ó di Bọ́mà.

Bọ́mà! Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ìyá mi lọ Bọ́mà. Nílé wa, "nígbà tí Bàbá wà ní Bọ́mà" ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìtàn tí wọ́n fi ń dá wa dúró kí iṣu tó jinná. Ó hàn pé wọn ò lè pàdé. Bírígéèdì Nàìjíríà tó bá àwọn Chindit, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà lẹ́yìn ọ̀tá nínú igbó, jà lápá àríwá ti kúrò níbẹ̀ ní August 1944, ìyókù àwọn ọmọ ogun wa sì wà ní Arakan, lápá ìwọ̀ oòrùn. Àwọn 124th ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ igbó náà lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn bíi ṣọ́jà lásán, ìbaaka ló ń ru ẹrù wọn. Ní February 2, 1945, nítòsí Loi-kang, ọ̀kan nínú wọn, Jack Knight, kú lórí òkè kan, wọ́n sì fún un ní Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ akọni tó ga jù lójú ogun Amẹ́ríkà.

Ìwé ìròyìn ìlú kéékèèké Texas wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Portal to Texas History. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìkéde ìsìnkú ọkùnrin tí mo ń wá, pẹ̀lú orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ láago. Ẹ fojú inú wò ó: ohùn Nàìjíríà lórí fóònù, tó ń béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan nípa nọ́ńbà bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ìyá já fóònù. Èmi náà ìbá já a. Mo kọ lẹ́tà, mo fi fọ́tò mẹ́ta há a, mo fi nọ́ńbà mi sí i, mo sì gbé e kúrò lọ́kàn.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn lẹ́tà

Ìyá yẹn pè mí. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló ka lẹ́tà náà fún àwọn. Wọ́n ní bàbá àwọn kì í sọ̀rọ̀ ogun, àfi tó bá fẹ́ bú ìbaaka. Nípa ẹṣin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ó ní wọn ò jẹ́ kí àwọn sin ẹṣin dé ọgbà tí wọ́n kó wọn sí ní Kansas, ẹnu géètì ni wọ́n ti gba ìjánu lọ́wọ́ wọn.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ bàtà náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí làwọn fẹ́ fi ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí n ò retí: "Ní fọ́tò kejì, ìdè òkè yẹn, ta ló rán an?"

Mo ní n ò mọ̀, pé mo ti ra òmíràn tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀.

"Ó jọ ọwọ́ bàbá mi."

Wọ́n ní bàbá àwọn ló ń tún gàárì ṣe fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé látogun, ó ń tún ìjánu àti gàárì ṣe fún àwọn aládùúgbò lábẹ́ ilé ẹran, pẹ̀lú oko rẹ̀. Ó máa ń lo òwú tó nípọn jù, wọ́n ní ìyá àwọn máa ń bá a wí lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí n ka ojú ìrán tó wà nínú ínǹṣì kan. Mo gbé rúlà. Mẹ́fà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́fà ni, torí àwọn ni wọ́n máa ń ní kí àwọn yí kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tó ń sàmì ojú ìrán lórí awọ kí ó tó lu ihò, bí àwọn bá ti yí i wọ́, ó di kí àwọn tún un yí.

Iṣẹ́ tó kù

Okùn ìdè dọ́là 18 dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó dára, ó bá àwọn yòókù mu. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ìdè àárín ẹsẹ̀ ọ̀tún ń mì, òwú ẹ̀rọ ibẹ̀ ti já lójú méjì. N ò fi ẹ̀rọ tún un rán. Abẹ́rẹ́ méjì, òwú kan, mẹ́fà sí ínǹṣì kan. Òwú tèmi pupa díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, mo mọ̀ọ́mọ̀ mú un bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó bá gbé bàtà yìí lẹ́yìn mi má baà kà á mọ́ ọn lọ́rùn. Mo ti kọ ọ́ sínú káàdì kan, mo ti há a sínú ẹsẹ̀ òsì: lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rin, orúkọ rẹ̀, 124th, èwo ni ojú ìrán rẹ̀, èwo ni tèmi. Ẹnu mi ṣì ń ta òórùn ìda oyin.